Ìgbà Tí Bàbá Mi Gé Ooru Ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kúnlẹ̀ sórí aṣọ funfun tó nípọn ní àgbàlá wa ní Bobiel, ní ìlú Niamey, ó ń fi ọwọ́ lásán fa ọ̀dà lé e lórí. Òórùn ọ̀dà ń ta mí nímú. Kò ya ènìyàn, kò ya ẹran. Àwọ̀ lásán ló ń fi kùn ún: pupa, funfun, àti àwọ̀ eérú kan tó máa ń pò títí yóò fi pòṣé.

"Bàbá, kí lẹ ń yà?"

"Ooru ọ̀sán. Ṣé o ti rí ojú rẹ̀ rí?"

Mo ní rárá. Ó ní òun náà ò tíì rí i.

Kí wọ́n tó bí mi ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn. Aláṣọ ni gbogbo ilé wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: aṣọ tí kò ṣeé wọ̀! Nígbà tí àwọn òyìnbó wá pè é sí Paris láti pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu wọ́n wọhò. Ó kó àwọn kéékèèké lọ, ó fi Ooru Ọ̀sán ńlá yìí sílẹ̀ torí kò tíì parí.

Bàbá mi fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó gbé e lọ sí ìsọ̀ wa ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú. Kò sẹ́ni tó rà á, ló bá ṣe ohun tí aláṣọ máa ń ṣe bí odindi ìgàn aṣọ ò bá tà: ó fa àlùmọ́gàjí yọ, ó gé e lọ́pàá-lọ́pàá. Kí wọ́n tó kírun Alásárì, àwọn onítakisí ti rà á tán, wọ́n fi bo àga ọkọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti Paris, ayọ̀ ò jẹ́ kí bàbá mi jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wallahi, iṣẹ́ yín tà! Ó tán pátá!"

"Ta ló rà á?"

"Haba, èrò ni!"

"Báwo lèrò ṣe ra ẹyọ kan?"

Bàbá mi na apá, ó wọn ọ̀pá kan láti àyà dé ìka, bó ti máa ń ṣe fún oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo apá náà títí. Ó ní, "O ṣeun, àbúrò mi." Ó padà sí Paris, kò wálé mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Ọmọ mi ń fi àwọn iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí lórí fóònù báyìí, lára ògiri ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní àwọn ìlú tí n kò ní dé láé. Ní Niamey, ẹyọ kan ò sí. Inú ṣì ń bí mi, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́. Ká ní ìlara ni bàbá mi fi gé e, ǹ bá ti dárí jì í tipẹ́. Ìfẹ́ ló fi gé e, títí ó sì fi kú, ó ń bi wá léèrè ìdí tí ẹ̀gbọ́n òun ò fi wálé.