Ọjọ́ Tí Mo Pa Sáfà Nínú Yàrá Ìdánwò

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn títí di òní.

Ibùdó ìdánwò orí kọ̀mpútà kan ní Sábó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń mójú tó sáfà, ìyẹn kọ̀mpútà àgbà tí gbogbo àwọn tó kù so mọ́. Ohun tí mo kọ́ nílé ìwé gan-an nìyẹn: bí kọ̀mpútà ṣe ń pín agbára rẹ̀ fún àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ètò kan á lò ó díẹ̀, á yẹ̀ fún òmíràn, wéréwéré, a ó sì rò pé gbogbo wọn jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Mo máa ń fi ìmọ̀ yìí yangàn débi pé Ẹ̀gbọ́n Dèjì, ọ̀gá mi, sọ mí ní Prófẹ́sọ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan, gbogbo kọ̀mpútà dédé dúró sójú kan. Ariwo ta.

"Bọ̀dá, tèmi ò lọ mọ́ o!"

"Ọ̀gá, táìmù ń lọ o!"

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Dèjì, tó wà ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Ó ní, "Má pa á o. Kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n." Mo gé ìpè.

Ọkàn mi ti dàrú. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe sí tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ póòsì tó bá ń ṣagídí: mo pa sáfà, mo tún un tàn. Iná padà sójú àwọn kọ̀mpútà, ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Mo tiẹ̀ juwọ́ sí wọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ojú kọ̀mpútà wọn dáadáa. Ìdáhùn kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. Inú mẹ́mọ́rì sáfà ni àwọn ìdáhùn náà wà, níbi tí kọ̀mpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, tí iná bá sì ti kúrò níbẹ̀, òfìfo ni. Mo padà rí i pé ètò kan tó ń wá fáírọ́ọ̀sì kiri ló gba dísìkì mọ́ra, ìyẹn ibi tí ohun tí a bá kọ sí kì í ti í parẹ́, tí kò jẹ́ kí ètò ìdánwò ráyè kọ àwọn ìdáhùn síbẹ̀. Ká ní òun nìkan ni mo pa ni, iṣẹ́ ì bá máa lọ. Mo kọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì wò ó. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Àǹtí Kúdí, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣèdánwò, tó ń ta léèsì ní Tẹjúoṣó, tó ní dandan òun á di nọ́ọ̀sì kí òun tó darúgbó, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èmi ni mo tẹ ohun tí ò yẹ kí n tẹ̀. Mi ò mọ kọ̀mpútà dáadáa."

"Àǹtí, ẹ̀yin kọ́." Mo gbé ohùn sókè kí gbogbo yàrá lè gbọ́. "Èmi ni. Wọ́n ní kí n má pa á, mo sì pa á."

Àwọn tó ni ìdánwò ní kí gbogbo wọn tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò ò tó, torí àwọn mìíràn ń dúró níta. Ọwọ́ Àǹtí Kúdí ò yá lórí bọ́tìnnì. Kò parí ẹ̀.

Nígbà tó ń lọ, ó dúró tì mí, ó rọra ní, "Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bò mí láṣìírí ni. Ọlọ́hun á bo ẹ̀yin náà láṣìírí."

Mo bá a jiyàn, kò gbà. Mo ní àmín.