Ẹni Mélòó Ló Ń Lọ sí Mẹ́síkò?

Ẹja yíyan ni mo ń fọ̀ nínú kíṣìnnì mi ní Peckham lọ́sàn-án Sátidé kan, èyí tí mo rà ní Rye Lane lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń bú ẹja rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí oníbàárà tó bú u, nígbà tí mo gbọ́ ìró omi lẹ́yìn mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ìfọṣọ ló tún ti ń jò. Àṣé fóònù Ṣadé ọmọ mi ni. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń wo fídíò ilé kan tí wọ́n ń yá fún àlejò tó bá fẹ́ lo ìsinmi ní erékùṣù kan ní Mẹ́síkò. Afárá pákó kékeré kan jáde láti ẹ̀yìn ilé náà wọ inú omi, omi sì ń rọra gbá òpó rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ọmọ kó lè sùn. Òórùn ẹja wà nímú mi, ìró yẹn wà létí mi. Mo nu ọwọ́ mi, mo fa àga, mo jókòó.

"Ṣadé, ilé yẹn ni mo fẹ́."

"Mummy, mi ò tíì fi bedrooms hàn yín now."

"Mi ò fẹ́ rí wọn."

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, á kó wa lọ sí Ẹ̀pẹ́, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní erékùṣù kékeré kan láàárín ọ̀sà. Ìyá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ga, ó dúdú, ohùn rẹ̀ sì lè sọdá omi láìwọ ọkọ̀. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni afárá pákó wà, níbi tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ wọn mọ́. Èéfín ẹja ti wọ ara ògiri ilé náà débi pé aṣọ tá a bá gbé lọ síbẹ̀ kì í fi òórùn rẹ̀ sílẹ̀ títí a ó fi padà sẹ́nu ìwé. Bí àwọn ọmọ kíláàsì bá ń wá mi nígbà náà, imú ni wọ́n fi ń wá mi.

Kò sẹ́ni tó ń ránṣẹ́ ṣíwájú pé báyìí ni a ṣe pọ̀ tó. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́lé, Ìyá á ti dúró lórí afárá, á máa kí wa káàbọ̀ láti òkèèrè, á sì yíjú padà sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n bu omi kún ọbẹ̀. Àwa ọmọ Èkó, àwọn ọmọ inú ilé, ọmọ aládùúgbò tó wá ṣeré tó kọ̀ tí kò lọ mọ́, pálọ̀ ni gbogbo wa ń sùn sí lórí ẹní. Ẹni tó bá tètè dé ló ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹni tó bá pẹ́, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Múlíkà ni mo máa ń sùn sí, ọmọ ọmọ Ìyá, tá a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Múlíkà mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ mú akàn tí kò ní géni jẹ. Ó kọ́ mi dáadáa, àmọ́ àwọn akàn yẹn kò gbọ́ pé wọ́n ti kọ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́yin ọmọ ìsinsìnyí gbọ́ ni pé Ìyá kì í ka èèyàn. Lójú tirẹ̀, kò dáa kéèyàn máa nàka sí ọmọ lórí, kó máa wí pé ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, bí ẹni ń ka ẹja sínú apẹ̀rẹ̀. Kó tó ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, oríkì wa ló máa ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àṣàkẹ́?" "Mo wà ńbí." "Àlàní?" "Mo wà ńbí, Ìyá." Bí ẹnì kan kò bá tíì wọlé, ẹlòmíràn á bá a dáhùn pé, "Ó wà nídìí àwọ̀n, ó ń bọ̀." Ìyá ò ní ti ilẹ̀kùn títí onítọ̀hún á fi dé. Lọ́dún kan, bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Múlíkà sọ fún mi pé látìgbà tí mo ti padà sí Èkó, Ìyá kò yéé pe oríkì tèmi lálaalẹ́, pé òun lòun ń bá mi dáhùn: "Ó wà l'Ékòó, ó ń bọ̀." Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Múlíkà rò pé akàn ló tún gé mi jẹ.

Èmi náà kì í ka èèyàn, ìyẹn gan-an ló da ọ̀rọ̀ Mẹ́síkò rú. Ṣadé ní ilé náà kò ṣeé gbà láìsọ iye ẹni tó ń bọ̀.

"Mummy, ẹni mélòó ni wá?"

"Gbogbo ọmọ mi."

"Yes, but how many? Wọ́n fẹ́ number."

"A pọ̀, a dúpẹ́."

Ó béèrè títí ó fi sú u, ló bá dá ìṣirò tirẹ̀ ṣe: èmi, òun, ọkọ rẹ̀, Zaynab ọmọ wọn, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Walworth pẹ̀lú ọkọ tiẹ̀. Ó fi ẹni mẹ́fà sí i, ó sanwó. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn ọmọ àbúrò mi olóògbé, àwọn tí mo tọ́ dàgbà, pè láti Stockwell pé irú bàtà wo ni wọ́n ń wọ̀ sétí òkun. Ṣadé gbójú sókè wò mí.

"Mummy, ẹ invite àwọn yẹn náà?"

"Ṣé wọn kì í ṣe ọmọ mi ni?"

Tájù tún wà níbẹ̀. Tájù ni àkọ́bí mi, Kánádà ló ń gbé. Látìgbà tá a ti sin bàbá wọn ni òun àti Ṣadé kò ti bára wọn sọ̀rọ̀, lórí ohun kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè ṣàlàyé kó yé mi mọ́. Mo pè é nípa Mẹ́síkò, ó ní òun máa wò ó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "màá wò ó" túmọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí mo ń wá nínú ìrìn àjò yìí ni kí gbogbo wọn sùn sábẹ́ òrùlé kan lẹ́ẹ̀kan sí i lójú ayé mi. Tó bá jẹ́ ti òkun ni, òkun wà ní Brighton.

Ṣadé kọ̀wé sí obìnrin tó ni ilé náà, Màmá Lupe, pé a fẹ́ fi èèyàn kún un. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ibùsùn ẹni mẹ́fà ló wà ńbẹ̀, kí á má bínú. Ṣadé ní ká kúkú gba ilé kejì mọ́ ọn ládùúgbò kan náà. Mo ní ilé kan ni mo fẹ́, kó jẹ́ kí n bá obìnrin náà sọ̀rọ̀.

"Mummy, you can't just call them. Message ni wọ́n ń fi ránṣẹ́."

"Bá mi kọ ọ́ nígbà náà. Kọ́kọ́ kí wọn."

Mò ń sọ ọ́, Ṣadé ń tẹ̀ ẹ́, fóònù ń sọ ọ́ di èdè wọn. Mo kí Màmá Lupe kú iṣẹ́, mo kí wọn kú oòrùn, mo béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn. Mo sọ̀rọ̀ Ìyá fún wọn, àti pálọ̀, àti ẹní. Lẹ́yìn náà mo dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ohun tí kálukú jẹ́ sí mi. Nígbà tí mo dárúkọ Tájù, Ṣadé gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù.

"Mummy, kò sọ pé òun ń bọ̀."

"Kọ ọ́. Kọ ọ́ pé ó wà ní Kánádà, ó ń bọ̀."

Ó kọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni èsì dé, ó gùn ju tèmi lọ. Màmá Lupe ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé ní erékùṣù náà, ibùsùn kò sí nílé ìyá àgbà àwọn. Àwọ̀n híhun ni wọ́n ń sùn sí, tí wọ́n so mọ́ ìkọ́ lára ògiri, gbogbo ọmọ ọmọ á sì máa fì nínú yàrá kan náà. Wọ́n ní àwọn ìkọ́ yẹn ṣì wà lára ògiri ilé tá a gbà, àwọn àlejò kàn ń fi wọ́n kọ́ táwẹ́lì ni. Wọ́n ní àwọn á kó àwọ̀n wá láti ilé tiwọn, ṣùgbọ́n kí n sọ ẹni tó kéré jù nínú wa, kí àwọn lè so tirẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ṣadé kà á sí mi létí. Èmi ń wá etí ìborùn mi tí màá fi nu ojú.

Lọ́jọ́ Sunday, gbogbo wa pàdé lórí fóònù láti pín ẹrù: ẹni tó máa gbé gàárì, ẹni tó máa gbé ata gígún, ẹni tí kò ní gbé nǹkan kan àfi ẹnu rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dákẹ́ ná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì wọn. Ẹ̀rín pa àwọn tó wà ní Stockwell, àmọ́ wọ́n dáhùn. "Àjọkẹ́?" Ṣadé ní, "Mo wà ńbí, Mummy." Mo pe Àkànní, oríkì Tájù. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Mo fẹ́ bá a dáhùn ni Zaynab, tí mo ti sọ ìtàn Ìyá fún níjọ́ tí mò ń dirun fún un, fi Yorùbá Peckham rẹ̀ sọ ọ́ ketekete pé, "Ó ń bọ̀, Grandma."

Igun dúdú kan tí kò ní ojú èèyàn nínú lórí fóònù wá fọhùn. "Mo ti wà ńbí tipẹ́, Mummy. Mo wà on mute ni."

Ṣadé tẹrí ba. Ó ní, "Brother Tájù, ẹ káàbọ̀."

Ilé Ìyá kò sí mọ́, omi ti gbé afárá yẹn lọ. Ẹ̀yin ń fi fóònù ka ìṣísẹ̀ yín, ẹ ń fi ka oorun yín, ẹ ń fi ka ọ̀rẹ́ yín, mi ò sì bá yín jà, nítorí inú fóònù náà ni mo ti rí ọmọ mi. Múlíkà ni mi ò rí. Ó lọ sílé ọkọ, èmi wá sí ìlú ọba, a kò gbúròó ara wa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí mo bá ń ti ilẹ̀kùn nílé mi yìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ń pe oríkì mi níbì kan, tí Múlíkà sì ń bá mi dáhùn.

Mo ti ní kí Ṣadé kọ̀wé sí Màmá Lupe pé àwọ̀n Zaynab ni kí wọ́n so sísàlẹ̀, kí wọ́n sì fi okùn tó nípọn so ti Àkànní, nítorí ọmọ náà ti sanra.