Gọ́tà Ìbàfò, Àbújá Ló Ni Ín

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí inú Màmúdù bíríkìlà ṣe ń ru, ẹ dárúkọ ìjọba níwájú rẹ̀ lásìkò òjò.

Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé n'Íbàfò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, inú yàrá kan níbẹ̀ ni wọ́n sì sin bàbá náà sí. Lọ́dún 2007, gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dí pa. Gbogbo àgbàrá kọjú sí ilé, ó ń wọnú ibojì. Ọmọ wo ni yóò sùn, tí bàbá rẹ̀ ń mu omi ẹ̀gbin?

Màmúdù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó bẹ ọ̀wẹ̀ àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ láti gbẹ́ gọ́tà náà, nítorí òun náà ti bá wọn mọlé lọ́fẹ̀ẹ́ rí. Bàṣírátù ìyàwó rẹ̀ se oúnjẹ kalẹ̀. Wọn ò tíì gbẹ́ ẹ débì kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan fi bẹ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, tí wọ́n kó ṣọ́bìrì wọn lọ. Wọ́n ní Àbújá ló ni ọ̀nà náà, ọmọ ìlú kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó lọ sí káńsù, wọ́n darí rẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta ní kó kọ̀wé sí Àbújá. Ìranù gbáà ni.

Nípàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù, Olúsànyà, tísà tó kó wá láti Èkó, ní kó ṣe sùúrù, ìjọba àpapọ̀ la kúkú ń ṣe.

Màmúdù dìde. "Àpapọ̀ wo, tísà? Baálé tó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, kálukú wọn ló ní ààrò tirẹ̀. Bí ìyàwó bá ní láti tọrọ àyè kó tó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ṣé ilé nìyẹn? Kí Àbújá mú sójà, kó mú owó títẹ̀. Kó fi gọ́tà Ìbàfò sílẹ̀ fún Ìbàfò."

"Àwọn aláṣẹ tiwa náà ń jalè, Alàájì."

"Olè ìtòsí dáa, tísà. Mo mọlé rẹ̀."

Òjò ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló wó ògiri yàrá náà lé orórì. Màmúdù ṣì ń fi ẹkún kó búlọ́ọ̀kù kúrò nígbà tí mọ́tò kan dúró. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa, ó kọ X gàgàrà sára ògiri tó kù. Ó ní ilé náà ti sún mọ́ ọ̀nà jù, wọn óò wó o.

"Ta ló rán yín?"

"Àbújá ni."

Ọwọ́ ń yún Màmúdù, àmọ́ kò gbá a létí.

"Kẹ́ ẹ wá la gọ́tà, ẹ ò mọ̀nà Ìbàfò. Kẹ́ ẹ wá wó ilé bàbá mi, ẹ mọ̀ ọ́n."

Ọkùnrin náà gbé ọ̀dà rẹ̀, ó kọjá sí ilé kejì.