Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Fi Pamọ́ Fún Mi

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Mowe. Bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń kọ́ ìwé kíkà ni ìwádìí mi ní yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà pé àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà ni mo fẹ́ rí.

Mo débẹ̀, ọmọ mẹ́wàá tó ń kàwé geere ni wọ́n kó síwájú mi.

"Mà, àwọn tí mo béèrè ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí yunifásítì! Ta ló ń kó pàǹtírí ilé síwájú àlejò?"

Ara mi kò balẹ̀. Bí mo ṣe ń de fìlà oníwáyà tí a fi ń wo iṣẹ́ ọpọlọ mọ́ ọmọ àkọ́kọ́ lórí, mo gbọ́ ẹkún lẹ́yìn kíláàsì. Mo sáré lọ. Ọmọ méje ni wọ́n tì mọ́ yàrá tí kò ní fèrèsé, lábẹ́ páànù gbígbóná.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?" mo bi ìyá náà tó tẹ̀ lé mi.

"Tíṣà ti mú un lọ sí Ibafo."

Ẹkún náà dákẹ́ lójijì. Mo fi òkúta fọ́ àgádágodo. Rùká, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló kọ́kọ́ jáde, ó kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, Mà. Àwa la ò mọ̀wé."

Mo fún wọn lómi, mo ṣí ìwé. Kí agogo ilé tó lù, Rùká ti mọ lẹ́tà mẹ́rin tí kò mọ̀ láàárọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn: àkókò tí wọ́n fi tì í mọ́lé tó láti fi kọ́ ọ.