Ohùn Mẹ́tàdínlógún Tí Má-pè-lẹ́ẹ̀mejì Wọ́gi Lé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí obìnrin yìí jẹ́, ẹ bi àwọn tó ti gbìyànjú láti tàn án jẹ. Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó sínú yàrá kékeré kan nílé-iṣẹ́ rédíò, yàrá tí kò ní fèrèsé, àfi tábìlì kan, tẹlifóònù méjì, àti àga kan tí wọ́n fi wáyà di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka iye èèyàn tó pè nítorí orin kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, àwọn olùgbọ́ á máa pè, wọ́n á dárúkọ orin kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́, òun á sì fa ìlà kan síwájú orin náà. Orin ogún tí ìlà wọn bá pọ̀ jù ni sọrọ̀sọrọ̀ máa ń kà lórí afẹ́fẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àwọn orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, torí àwọn ni gbogbo èèyàn ń dákẹ́ gbọ́.

Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹnì kan, ìpè kan. Ta ló ń ṣọ́ òfin náà? Etí obìnrin yìí ni. Ẹ pè é ní aago mẹ́wàá, kí ẹ tún pè é ní aago méjì, kí ẹ di imú yín, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, á ní, "Bọ̀dá, ẹ ti pè láàárọ̀. Ẹ lọ sinmi." Gbàgà! Ó ti gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Bó ṣe di Má-pè-lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn nínú ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Àwọn olórin ńláńlá ti gbé ẹ̀bùn wá, ó dá wọn padà láti ẹnu ọ̀nà. Mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn, olóòótọ́ èèyàn ni. Àmọ́ òótọ́ náà ti fẹ́ máa gùn ún.

Ibi tí wàhálà ti wá ni pé olórin ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá kan náà. Olóhùn làwọn ọ̀rẹ́ ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń kọrin, tó tún ń kun ilé kó lè rí oúnjẹ jẹ. Ó ti gbé orin mẹ́fà jáde, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó wọ inú ogún rí. Ìyàwó rẹ̀ ti ní sùúrù títí, sùúrù náà ti ṣá bí aṣọ àwọ̀sùn. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ iyọ̀ kan tó wà létí òkun, ìrìn odidi ọjọ́ kan, ní kó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn fún ọdún méjì gbáko. Inú ọgbà wọn ni yóò máa gbé, kò sí àyè orin níbẹ̀. Kí ọ̀sán Sátidé tó pé ló gbọ́dọ̀ bọwọ́ lu ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fún ẹlòmíràn.

Olóhùn wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi àti ìyàwó mi ti fẹnu kò. Bí orin tuntun yìí bá wọlé lọ́sẹ̀ yìí, bó jẹ́ ipò ogún gan-an ló wà, mo dúró. Bí kò bá wọlé, mo lọ."

"Má sọ ọ́ fún mi! Wọ́n á ní mo ṣègbè."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ ṣègbè. Mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ ni."

Màmá wọn ńkọ́? Aránṣọ ni, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tí obìnrin kì í wọ́n nínú rẹ̀. Nígbà tí Olóhùn gbé orin àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, màmá yìí pe ilé-iṣẹ́ rédíò lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ṣe bí ọmọdé, ó ṣe bí ìyàwó tuntun, ó tún ṣe bí bàbá arúgbó tí ikọ́ ń dà láàmú. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí bí màmá ṣe ń pè, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì rẹ̀ kí àwọn oníbàárà má bàa mọ̀ pé eré ló ń ṣe, maṣíìnì náà sì ní igbe kan tí kò jọ ti ẹlòmíràn: kíìn-kíìn-gbà, kíìn-kíìn-gbà. Ìjà tí wọ́n jà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn aládùúgbò ló bá wọn là á. Màmá búra pé òun ò ní í dán an wò mọ́.

Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí tẹlifóònù dún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dákun, ẹ bá wa kọ orin Olóhùn sílẹ̀."

Ohùn obìnrin, ó tín-ín-rín. Má-pè-lẹ́ẹ̀mejì fa ìlà. Kò tíì gbé bírò kúrò lórí ìwé tó fi gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ohùn náà: kíìn-kíìn-gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ò pé, òmíràn tún pè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dákun, ẹ bá wa kọ orin Olóhùn sílẹ̀. Ọkọ mi ò jẹ́ ká gbádùn nílé, orin yìí ló ń kọ ṣáá!"

Ohùn eléyìí ki. Kíìn-kíìn-gbà. Ẹ̀kẹta pè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹrin ń jẹ nǹkan lẹ́nu. Ọ̀kan ní òun sunkún nígbà tí òun kọ́kọ́ gbọ́ orin náà, ó ní orí bẹ́ẹ̀dì lòun jókòó sí tóun ń sunkún. Bí wọ́n ṣe ń pè nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, maṣíìnì kan náà ló sì ń ké lẹ́yìn wọn.

"Áà, màmá yìí! Ó tún ti dé!" ni Má-pè-lẹ́ẹ̀mejì ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀.

Ṣé ohùn wọn jọra ni? Kò jọra. Àmọ́ ta ni kò mọ̀ pé màmá lè sín gbogbo àdúgbò jẹ? Nígbà tí aago mẹ́ta lù, obìnrin yìí mú bírò pupa, ó sì wọ́gi lé ìlà mẹ́tàdínlógún àwọn tí maṣíìnì ké lẹ́yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ojú tún tì í. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó kù: orí rẹ̀ wú díẹ̀ pẹ̀lú, pé kò sẹ́ni tó lè ní òun ṣojúsàájú. Ìlà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ṣẹ́kù fún orin Olóhùn. Èyí tó wà nípò ogún ní márùndínlógójì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, sọrọ̀sọrọ̀ ní orin tuntun mẹ́ta ló wọlé. Ó dárúkọ wọn, ó yin àwọn tó kọ wọ́n. Má-pè-lẹ́ẹ̀mejì dúró sí kọ́ríidọ̀, ó ń gbọ́ ọ. Àbúrò rẹ̀ ò pè é, òun náà ò sì pe àbúrò rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé ló kọrí sí ṣọ́ọ̀bù màmá, ìjà ló bá lọ. Àwọn obìnrin pọ̀ níbẹ̀ bí ìṣe wọn, àwọn ọmọṣẹ́ àti oníbàárà, màmá sì wà nídìí maṣíìnì rẹ̀. Má-pè-lẹ́ẹ̀mejì ò tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ẹ ti búra fún mi! Ẹ wá fi ojú mi gbolẹ̀!"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ìpè mẹ́tàdínlógún! Ẹ rò pé mi ò ní mọ̀?"

Obìnrin kan tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wá gbé áyọ́ọ̀nù sójú kan.

"Àǹtí, èmi ni mo kọ́kọ́ pè," ló wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Èmi ni mo sọ ti ọkọ mi," ni ẹlòmíràn wí, ohùn rẹ̀ ki. "Àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ẹ̀kẹta rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín Ọjọ́bọ̀ gan-an. Ohùn tí Má-pè-lẹ́ẹ̀mejì ti pa rẹ́ lórí ìwé ń dìde níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ojú, wọ́n ní ọwọ́, òmíràn gbọ́mọ pọ̀n. Wọ́n ní màmá ló kọ́ àwọn bí àwọn ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí wọ́n má bàa ní àwọn ò lẹ́kọ̀ọ́, àwọn sì tò sẹ́nu ọ̀nà nídìí tẹlifóònù.

"Màmá ńkọ́? Ṣé màmá ò pè?"

"Èmi kẹ̀?" Màmá dìde. "Nígbà tí a jà, ìwọ lo ní kí n gbé tẹlifóònù jìnnà sí mi, mo sì gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo jókòó sídìí maṣíìnì yìí látàárọ̀, mò ń rán aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n rán, kí ọwọ́ mi má bàa yún mi. O ò gbọ́ maṣíìnì ni?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Nígbà tó ń ké, ta lo rò pé ó ń tẹ̀ ẹ́?"

Màmá wo ojú rẹ̀, ó sì yé e.

"O ti pa wọ́n rẹ́," ni màmá wí, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àbúrò rẹ ti bọwọ́ lu ìwé láàárọ̀ yìí."

Nígbà tó dé yàrá àbúrò rẹ̀, Olóhùn ń ká ṣòkòtò sínú àpò ńlá kan. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Má-pè-lẹ́ẹ̀mejì ò jókòó. Orí ìdúró ló wà tó fi ro gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, títí kan bírò pupa.

"Mélòó ni ì bá jẹ́?"

"Mẹ́tàlélógójì. Ò bá wà nípò kejìdínlógún."

Olóhùn rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màá sọ ọ́ lórí rédíò," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Lọ́jọ́ Ajé gan-an. Màá ní èmi ni mo ṣàṣìṣe."

"Ẹ̀gbọ́n á wá kéde pé àbúrò òun ló yẹ kó wọlé? Ta ló máa gbà yín gbọ́? Lọ́jọ́ Ajé, mo ti wà nídìí iyọ̀." Ó wá bi í pé: "Kí ni wọ́n sọ? Àwọn obìnrin yẹn."

Ó sọ ọ́ fún un, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó sọ ti ọkọ tí kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn nílé, ó sọ ti èyí tó sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì. Omi ń dà lójú Olóhùn, kò sì nù ún.

"Lọ́dún tó kọjá, ẹ sọ fún wa pé àwọn nọ́ọ̀sì méjìlélógún pè yín láti wọ́ọ̀dù kan náà nítorí orin kan. Ṣé ẹ wọ́gi lé e?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ tèmi?"

Ó lè sọ pé maṣíìnì ni. Ó lè sọ pé màmá ló ti ṣe é rí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lẹ́nu rẹ̀, òótọ́ sì ni méjèèjì, àmọ́ òun náà mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n bi òun.

"Mi ò rò pé èèyàn púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ràn orin rẹ," ló wí.

Olóhùn mi orí. Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó da aṣọ lé e lọ́wọ́, Olóhùn sì kó wọn sínú àpò. Àpò ti kún jù, síìpù rẹ̀ kò fẹ́ pa dé. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun di etí àpò náà méjèèjì mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀, ó dì í mú, òun sì fa síìpù náà pa.