Odindi Iwe Adìẹ

Òórùn ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ń fi omi gbígbóná tu ni mo fi ń mọ̀ pé Tọ́ntọ̀n ń bọ̀. Bí ilé wa ní Akparé bá ti ń rùn bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àbúrò bàbá mi fẹ́ dé nìyẹn, pẹ̀lú táì lọ́rùn nínú oòrùn tí ewúrẹ́ pàápàá ń sá fún. Ọ́fíìsì kan ní Atakpamé ló ti ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Òǹtẹ̀ náà kò ju àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n Tọ́ntọ̀n ń rìn bí ẹni tó ru gbogbo Togo lérí.

Nílé wa, bàbá ló ni iwe adìẹ. Odindi sì ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn án, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá gé ìpín baálé, ipò rẹ̀ ló gé. Iwe adìẹ àgbà le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Bàbá mi kò sì ní eyín ẹ̀yìn mọ́ lápá òsì, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ipò?

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, nọ́ọ̀sì kan wá kọ́ wa nílé ìwé ní ohun tí a ó ṣe bí oúnjẹ bá há ẹnìkan lọ́fun, tí kò lè wúkọ́, tí kò lè sọ̀rọ̀: kí á mú un tẹ̀ síwájú, kí á fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀márùn-ún, bí kò bá jáde, kí á dì í mọ́ra láti ẹ̀yìn, kí á gbé ìkúùkù lé òkè ìdodo rẹ̀, kí á fà á mọ́ra sókè kíákíá. Mo délé, mo fi àpò àgbàdo ṣe é han ìyá mi. Òun náà gbìyànjú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àpò yìí á máa rò pé mo fẹ́ràn òun."

Lọ́jọ́ Àìkú náà, iyán ni a ń jẹ. "Bí a bá ń jẹun, a kì í sọ̀rọ̀," ni bàbá mi máa ń wí, àfi Tọ́ntọ̀n nìkan ni òfin yìí kò mú. Ó ń ròyìn bí ọ̀gá àgbà kan ṣe bọ òun lọ́wọ́. Bàbá mi dákẹ́. A rò pé ó ń fetí sílẹ̀ ni. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú, ètè rẹ̀ ti ṣú, kò sì sí ohùn kankan.

Mo dìde, mo gbá a lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Tọ́ntọ̀n mú mi lápá, ó fọ́ mi létí.

"O ń na bàbá rẹ? Lójú mi?"

"Kò lè mí, Tọ́ntọ̀n!"

"Panu mọ́! Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ìyàwó, bu omi wá! Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọwọ́ sókè. Ẹ gbé òkèlè mì, kó lè tì í lọ."

Omi náà tú padà sí àyà bàbá mi. Ó ti fẹ́ ṣubú. Tọ́ntọ̀n ò tíì fi apá mi sílẹ̀. Ọwọ́ kejì ló fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí bàbá mi. Mo kígbe: "Màmá! Àpò àgbàdo!"

Ìyá mi fo abọ́ iyán kọjá. Ó di ọkọ rẹ̀ mọ́ra láti ẹ̀yìn lójú gbogbo ènìyàn, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀, ó sì fà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, iwe fò jáde, odindi, bí wọ́n ṣe bù ú fún un, ó bà lé táì Tọ́ntọ̀n. Bàbá mi mí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ rò pé wọ́n dúpẹ́? Nírọ̀lẹ́, Tọ́ntọ̀n pe ìpàdé ẹbí. Ó ti fọ táì. Ó ní ìyàwó kan ti fi ọwọ́ agbára mú ọkọ rẹ̀, ọmọ kan sì ti na bàbá rẹ̀. Kí ìyàwó mú adìẹ wá fi bẹ baálé, kí àwa méjèèjì sì kúnlẹ̀. A kúnlẹ̀. Bàbá mi jókòó lórí àga, ó fi ohùn tó ti há sọ pé, "Mo ti forí jì yín."

Ìbínú tí mo ní sí Tọ́ntọ̀n ti tán nínú mi. Bàbá mi ti dàgbà, ó ti darúgbó, ó ti kú, mo ṣì ń bínú sí i nítorí gbólóhùn yẹn.

Ìyá mi ló se adìẹ ìbẹ̀bẹ̀ náà. Ó gé iwe rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀. Bàbá mi wò ó títí, ó sì jẹ ẹ́. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn ilé pé, "Òkú ò mọ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún òun."

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kan ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ nítòsí Moretan: ìbòjú oníròóbà tí wọ́n fi ń fa ohun tó bá há síni lọ́fun jáde. Wọ́n gbé e sórí tábìlì nínú ọ̀rá rẹ̀, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Bí a ṣe ń jẹun, ẹran há alága ayẹyẹ náà lọ́fun. Ẹnìkan nawọ́ sí ẹ̀rọ náà. Ẹlòmíràn ní kó má já ọ̀rá, wọn ò tíì ya fọ́tò.

Èmi ni mo jókòó ti alága. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì méjì, tí mo ti ń fi irú Tọ́ntọ̀n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn láti ọjọ́ yìí wá. Mo dìde, mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Alága, ẹ gbà mí láyè kí n fọwọ́ kàn yín." Mo sì dúró de èsì lẹ́nu ẹni tí kò lè mí.

Lẹ́yìn náà ni mo tó gbá a. Ẹran jáde. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìwà ọmọlúàbí mi.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wà ní Akparé kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun gan-an ló yẹ kí n kúnlẹ̀ bẹ̀.