Ó Ti Dákẹ́ Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ọjọ́ tí Baba Aago lọ pààrọ̀ bátìrì fóònù rẹ̀ ni Tíṣà, àbúrò rẹ̀, sunkún ikú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú ìyàwó náà gan-an. Títí dòní, bí ẹbí bá ti jókòó pọ̀, ìtàn yìí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ ọ́ jù, nítorí ó ti rí i pé bí òun ò bá sọ ọ́, ẹlòmíì á sọ ọ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Tíṣà jókòó sẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀, ni fóònù rẹ̀ bá dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbọ́. Ohùn náà rẹlẹ̀, ó sì ń kánjú, bí ohùn ẹni tó ń fi fóònù olófóònù pe èèyàn.

"Kékeré, ó ti dákẹ́," ni Baba Aago wí. "Ó dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ti ń gbé e wọlé lọ. Wọ́n ní kí n padà wá gbé e ní aago mẹ́rin. Má da ara ẹ láàmú, ó kúkú ti ń ṣe é tipẹ́."

Ló bá pa fóònù.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọdún márùndínlógójì ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní èdè Yorùbá. Lọ́dọọdún ló ń kọ ọ́ sójú pátákó pé ọ̀rọ̀ náà "ó" kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ẹran, kò sì mọ ẹran yàtọ̀ sí ìkòkò, àti pé kí ọmọ tó bá gbọ́n kọ́kọ́ béèrè pé "ta ni?" tàbí "kí ni?" kó tó kọ ìdáhùn. Ó ti gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ olọ́mọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ tí ìdánwò tirẹ̀ wá dé, kò béèrè ohunkóhun. Abẹ tó fi ń gé èékánná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ké sí ìyàwó rẹ̀ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ti lọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin náà ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ Àìkú. Tíṣà tún pe fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà, kò lọ. Fóònù kan ṣoṣo yẹn ni tọkọtaya náà sì ń lò, kò sí ibòmíì téèyàn lè pè. Ó wọ bàtà dúdú sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó wọ aláwọ̀ pupa sẹ́sẹ̀ òsì, òun àtìyàwó rẹ̀ bá wọkọ̀. Nínú ọkọ̀, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń sunkún, òun fa bébà yọ, ó ń kọ ìkéde òkú, ó sì ń fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ilé Baba Aago, Tíṣà kò lè wọlé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún. Ilẹ̀kùn ṣí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì yọ sí wọn, tòun ti ìfófòó ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ gbà mí," ni obìnrin náà wí. "Tíṣà, ta ló kú?"

Tíṣà gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin ni."

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó béèrè pé ìgbà wo ni. Tíṣà ní láàárọ̀ yìí. Ó béèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà wá fara ti òpó, ó ní ọkọ òun gbé fóònù jáde láàárọ̀, pé wọ́n fẹ́ lọ pààrọ̀ bátìrì ẹ̀, àti pé, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí òun ní fún àwọn ará ilé ọkọ òun, òun ò tíì parí aṣọ tí òun ń fọ̀.

Ó yẹ kí ìtìjú parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n bébà bọ́ lápò Tíṣà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nu ọwọ́, ó mú un, ó kà á sókè: obìnrin onísùúrù, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í tú àṣírí, tó ṣe ìyá fún àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọdún méjìdínlógójì rèé tí òun ti ń gbé oúnjẹ síwájú Tíṣà, kò sọ ẹyọ kan rí nínú gbogbo èyí. Lẹ́yìn náà ló ká a, ó fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀, pé bọ́jọ́ bá pé, Tíṣà ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá gègé kiri, kó ṣáà fi déètì sí i.

Baba Aago dé ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ó ń súfèé. Ó bá àwọn mẹ́ta ní pálọ̀, ojú àbúrò rẹ̀ wú, bàtà rẹ̀ kò bára mu. Ó dúró, ó ní, "Ta ló kú?" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nawọ́ sí fóònù tó wà lápò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí kò bá mọ Baba Aago lè máa rò pé kí ló dé tí fóònù ògbólógbòó kan fi tó ohun tí à ń sáré sí. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni Baba Aago fi tún aago ṣe, tó sì fi ń tà á, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n fà sábẹ́ àtẹ̀gùn, tó jẹ́ pé oníbàárà tó bá ga gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọlé. Lẹ́yìn tó ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ohun kan ló kù tí kì í yẹ̀ lójoojúmọ́: bó bá ti di aago mẹ́fà àárọ̀ geerege, á pe àbúrò rẹ̀. Kì í kí i. Á kàn ní, "Kékeré," á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ibi tó bá wù ú.

Ẹni tó ń pè ní Kékeré yìí, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ó lọ́mọ, ó lọ́mọ-ọmọ, irun kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Gbogbo ayé ń pè é ní Tíṣà, àwọn ọmọ ilé ń pè é ní Bàbá Àgbà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọmọdé ti lọ tán, ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ ayé tó ṣì ń pè é ní Kékeré. Tíṣà máa ń ráhùn pé wọ́n ń jí òun láàárọ̀ kùtùkùtù bí ọmọ iléèwé. Irọ́ ló ń pa. Aago márùn-ún ààbọ̀ ló ti máa ń jí, á gbé fóònù lé orókún, á máa wò ó.

Bátìrì ló kó bá wọn. Bí ìtàn bá ti dé ibi tó dùn, fóònù Baba Aago á dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná tó kù nínú rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó wá di pé kó fi wáyà so ó mọ́ ara ògiri kó tó lè sọ̀rọ̀, wáyà ọ̀hún sì kúrú. Tíṣà bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ohùn rẹ̀ ń jáde bí ohùn ẹni tó jìn sí kòtò. Ó ní ilẹ̀ ni òun dùbúlẹ̀ sí, pé ibi tí iná wà nìyẹn, kí Tíṣà jọ̀ọ́ máa fetí sílẹ̀, kí òun má baà dùbúlẹ̀ lásán.

Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ra tuntun fún un. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí aago bá dúró, ṣé aago ni wọ́n máa ń jù nù? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ọ̀dọ̀ obìnrin atúnfóònùṣe lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí fóònù gé ìtàn mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún fún Tíṣà. Ó ní bí òun ṣe gba fóònù lọ́wọ́ bàbá náà ló kú fin-ín, òun sì ní kó padà wá gbé e ní aago mẹ́rin, torí èrò pọ̀. Baba Aago yá fóònù òun, ó pe àbúrò rẹ̀, ó sì dá a padà. Lẹ́yìn náà ló gbé ìgbọ̀nwọ́ lé káńtà.

"Aago méjì," ló wí.

"Aago mẹ́rin, Bàbá."

"Méjì ààbọ̀."

"Bàbá, ẹnìkan kì í ná aago."

"Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi ta aago," ni Baba Aago wí. "Kò sí èyí tí wọn ò ná nínú ẹ̀."

Wọ́n parí ẹ̀ sí aago mẹ́ta ààbọ̀. Baba Aago wá ní kí obìnrin náà fi èènì sí i, kó jẹ́ kí òun jókòó tì í, nítorí pé níṣojú oníbàárà ni òun ti ń ṣí aago ní gbogbo ọjọ́ ayé òun. Ó mú gíláàsì olójú kan tó fi ń wo inú aago jáde lápò, ó fi í sójú ọ̀tún, ó sì tẹjú mọ́ iṣẹ́ débi pé obìnrin náà ń bẹ̀ ẹ́ kó yé mí sí òun lọ́rùn. Nígbà tí bátìrì àtijọ́ jáde, ó ti wú. Baba Aago wo bátìrì, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó wú bákan náà, ó ní àwọn jọ ń ṣe àìsàn kan náà, ó kàn jẹ́ pé wọn kì í ta ẹsẹ̀ níbí.

Kí ó tó lọ, ó rí i pé ẹ̀mú tí obìnrin náà fi ń mú nọ́ọ̀tì kéékèèké ti tẹ̀. Ó yọ tirẹ̀ lápò, èyí tó ti lò láti ìgbà èwe, ó gbé e sórí tábìlì. Obìnrin náà ní òun ò lè gbà á. Baba Aago ní kò bùn ún, òun kàn ń fi í sílẹ̀ níbi tí yóò ti máa ríṣẹ́ ṣe ni. Obìnrin náà ṣì ń fi í ṣiṣẹ́ títí dòní.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "ó ti dákẹ́" láìdárúkọ ohun tó dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn náà ni ojú Tíṣà ti rí màbo, nítorí fóònù ọ̀hún kò dákẹ́ mọ́. Ìtàn tó ń gbà ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá ń gba wákàtí kan. Ẹ̀kọ Tíṣà ń tutù, tíì rẹ̀ ń tutù, ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Lọ́jọ́ kan ó purọ́ pé bátìrì tòun náà ti fẹ́ kú, pé àwọn á tún sọ̀rọ̀ lọ́la. Kò tó wákàtí kan, Baba Aago ti kan ilẹ̀kùn, ó ti múra, ó ní kó dìde, òun mọ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀. Tíṣà tó ń fìyà jẹ ọmọ nítorí irọ́ jókòó níwájú obìnrin atúnfóònùṣe, wọ́n sì yẹ bátìrì tí kò ṣe nǹkan kan wò títí tí ilẹ̀ fi ta.

Ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi gbádùn bátìrì yẹn. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, aago mẹ́fà geerege, fóònù dún lórí orókún Tíṣà. "Ẹ̀gbọ́n" ló hàn lójú rẹ̀. Tíṣà ti pinnu láti àná pé òun lòun máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lónìí. Ó ní, "Ẹ máa wí, Kékeré ń gbọ́."

Ohùn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbọ́.

"Tíṣà," ló wí, "wọ́n ti dákẹ́."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì í, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ni tàbí kí ni? Ẹ má gbàgbé òfin ilé."

Obìnrin náà ní:

"Fóònù kọ́, Tíṣà. Fóònù wà láàyè. Òun ni mo fi ń pè yín."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Tíṣà ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní. Aya tó mọ ọ̀wọ̀ kì í pe fóònù ní "wọ́n". Kò sí ọmọ iléèwé tí yóò ṣi èyí mú, ká má tíì sọ ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ wọn. Ó kàn fẹ́ ya òmùgọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí i ni, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè wà fún ìṣẹ́jú kan náà.

Wọ́n sin Baba Aago, èrò tú ká. Tíṣà kò yé jí ní aago márùn-ún ààbọ̀. Á gbé fóònù lé orókún, aago mẹ́fà á lù, kò sẹ́ni tó ń pè. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọwọ́ rẹ̀ ló lọ tẹ nọ́ńbà náà, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó dún títí kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé e.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà. Orúkọ tó jáde lójú fóònù ni mo ń wò. 'Kékeré' ni wọ́n kọ sórí nọ́ńbà yín."

Tíṣà ṣí ẹnu. Ẹkún ló jáde. Obìnrin náà dúró dè é, bó ti dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tó ń sunkún òun. Nígbà tó rọlẹ̀, ó sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ẹnu òun ò gbà á láti pe àbúrò ọkọ òun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu fóònù gbà á, kó máa pè lójoojúmọ́.

Ó ń pè. Aago mẹ́fà geerege. Obìnrin náà kì í tètè gbé e. Á gbé fóònù dání, á jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí orúkọ yẹn lè pẹ́ díẹ̀ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gbé e sétí, á ní, "Tíṣà, fóònù ti pè yín ní Kékeré." Bátìrì náà ṣì lágbára.